Anulẹ̀ Ń Wò

Aago méjì òru kọjá n'Íléṣà. Iná ti lọ.
Jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́ bí àgbà.
Kò sẹ́ni tó ń wo anulẹ̀,
àmọ́ anulẹ̀ ń wò.

Dókítà Fáṣèyítán ti kọ ọ́ sílẹ̀: ibà.
Nọ́ọ̀sì Ìbíwùmí gbé orí ọmọ náà sókè,
ọrùn kọ̀, kò tẹ̀, ó le bí igi ìdáná.
"Dókítà, ẹ bá mi fọwọ́ kàn án níbí."
Kò pariwo. Ọdún mọ́kàndínlógún ló wà lọ́wọ́ yẹn,
àti ìwé tó tún lọ kà n'Ífẹ̀.

Mo dá mọ́ọ̀pù dúró.
Mo ti rí dókítà tí irú ọ̀rọ̀ yẹn sọ di ẹkùn.
Eléyìí fọwọ́ kàn án. Ó dákẹ́.
Ó fa ìlà sórí ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ.
"Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, mà. Ẹ̀yìn la máa gún."
Ọ̀kan ká ọmọ bí ìgbín,
ọ̀kan ń wá àárín eegun.

Ọjọ́ kẹta lọmọ tó béèrè mọ́ínmọ́ín.
Ṣùgbọ́n ìdájí ọjọ́ yẹn gan-an,
kùrukùru bo ọ̀nà Àtàkúnmọ́sà,
oorun gbé àwọn méjèèjì lórí bẹ́ǹṣì.
Mo nulẹ̀ yí ẹsẹ̀ wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká.
N kò jẹ́ kómi kàn wọ́n.