Ìgò Kékeré Lápá Òkè

Òru Ọjọ́bọ̀ ni, ní Klaksvík, nínú yàrá òṣùwọ̀n ẹja.
Ọkọ̀ tí à ń retí kò tíì wọ èbúté.
Òjò ń fẹ̀gbẹ́ rọ̀, bí òjò erékùṣù wa ṣe máa ń rọ̀:
kì í ti òkè já, òkun ló ti ń wọlé
bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn.
Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́, kọfí mi ti tutù,
mo fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń ta táyà kẹ̀kẹ́ ọmọ-ọmọ mi.

Ìgbà náà ni mo rí i:
ìgò kékeré kan lápá òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí àwárí,
omi aláwọ̀ ewé ń hó nínú rẹ̀.
Kò sí níbẹ̀ lánàá. Mo lè búra.
Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń wo ojú-ìwé funfun yẹn,
mo mọ̀ ọ́n bí ẹnu ọ̀nà ilé ìyá mi.

Wọ́n kọ lẹ́tà wẹ́wẹ́ sábẹ́ ìgò náà:
"A ṣì ń dán an wò. Ó lè bàjẹ́. Ó lè lọ láìdágbére."
Mo rẹ́rìn-ín. Ta ni kò rí bẹ́ẹ̀ ní erékùṣù yìí?

Ọwọ́ mi tẹ̀ ẹ́ kí ọgbọ́n orí mi tó dá sí i.

Èyí àkọ́kọ́ ní kí n má fọwọ́ kan eku kọ̀ǹpútà mọ́:
lẹ́tà J á gbé mi sọ̀, lẹ́tà K á gbé mi gòkè.
Mo sọ̀, mo gòkè, mo sọ̀, mo gòkè,
bí ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àtẹ̀gùn.
Èkejì da àwọn oníṣòwò táyà sórí àwòrán ayé:
ọ̀kan ní Tórshavn, mẹ́rìnlélógún ní Denmark,
òkun tí kì í ta nǹkan fẹ́nikẹ́ni ló wà láàárín wọn.

Ẹ̀kẹta ni mi ò retí.
Ó ní, "Jẹ́ kí n to ohun tí mo rí ní ọdọọdún."
Táyà kò lọ́dún. Mo pa táyà rẹ́.
Mi ò mọ ohun tó tì mí
tí mo fi tẹ orúkọ ọkọ̀ bàbá mi:
Lómur.

Ilà kan nà gbalaja láti òsì dé ọ̀tún,
òpó kéékèèké hù lórí rẹ̀ bí eyín ọmọ ọwọ́.
1951: wọ́n kàn án ní Vágur.
1957: ẹja kọ́ọ̀dù kún un dé ètè.
1960: àwòrán. Ọkùnrin márùn-ún;
ẹni kẹta kò wo kámẹ́rà, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń wò.
Imú mi ni imú yẹn.
1962: òpó kúkurú. Wọ́n tún ẹ́ńjìnnì ṣe.
Lẹ́yìn náà ilà ń lọ, ó ń lọ,
pẹrẹsẹ, bí òkun ní ọjọ́ kejì ìjì.

A kì í dárúkọ ọdún náà nílé wa.
Ìyá mi á kàn ní "ìgbà òtútù yẹn,"
á sì máa nu tábìlì tí kò dọ̀tí.
Àṣé ẹ̀rọ lè sọ ọ́ láìlanu:
ó kàn fi àyè sílẹ̀.

Ọkọ̀ dé ní aago mẹ́ta ààbọ̀. Mo wọn ẹja.
Bárður bi mí pé kí ló ṣe ojú mi. Mo ní òjò ni.
Inú ilé ni mo wà látàárọ̀.

Ní ọjọ́ Ajé mo pe Sunnvør, ẹ̀gbọ́n mi, kó wá wò ó.
Bàtà ọjọ́ ìsinmi ló wọ̀ wá.
Mo wá ìgò lókè, mo wá a nísàlẹ̀,
ojú-ìwé náà funfun báláú.
"Ìdánwò yìí ti parí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wa dán an wò."

Sunnvør kò sọ̀rọ̀.
Ó mú ìwé òṣùwọ̀n kan lórí tábìlì, ó yí i padà,
ó fa ilà láti òsì dé ọ̀tún.
"Ó yá, máa pe ọdún fún mi."
Mò ń pè, ó ń gbé òpó ró.
Nígbà tí a dé 1963, bírò rẹ̀ dúró lókè ìwé díẹ̀,
lẹ́yìn náà ó fa òpó kan tó ga ju gbogbo ìyókù lọ,
ó kọ orúkọ mi sí i,
ó kọ oṣù tí wọ́n bí mi.