Òkúta Orí Ṣíìfù

Ní Swansea, níbi tí òjò kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé,
mo jókòó ti fèrèsé tó kọjú sí òkun,
mò ń kọ́ ẹ̀rọ bí a ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìka.

Kẹ́. Eku dún, àwòrán kan lajú.
Di Kọ̀ntíróò mú kó o tó tẹ eku: èkejì dara pọ̀ mọ́ ọn.
Di Ṣíìfù mú: gbogbo ìlà, láti ibí dé ọ̀hún, dìde lẹ́ẹ̀kan.
Ìró kan náà ni.
Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ, ọkọ́,
àti ọkọ̀ tó ń lọ sí Cardiff:
àmì orí wọn ni kò jẹ́ ká gbé ìyàwó fún ọkọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣìnà.
Bí eku bá ti dún, màá sáré lọ bi bọ́tìnnì:
"Ǹjẹ́ ìka wà lórí rẹ?"
Á ní rárá. Òótọ́ ló sì sọ,
ìka ti gbéra kí ìbéèrè mi tó dé.
Ẹni tó fẹ́ mọ ẹni tó sin àlejò wá,
àlejò ni kó bi,
kì í ṣe ẹnu ọ̀nà tó ti ṣófo.
Ìró yẹn ti so ẹ̀rí mọ́ etí aṣọ ara rẹ̀.

Mo tún un ṣe. Mo po tíì.

Ni Glenys Probert bá kọ̀wé láti ilé àwòrán ọkọ̀ ojú omi:
"Ètò yín ń kó ohun tí n kò ní kó kó."
Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ bá a.
Apá òsì rẹ̀ sùn sórí itan,
rọpárọsẹ̀ ló fi í síbẹ̀.
Lórí Ṣíìfù, òkúta etíkun kan,
dúdú, róbótó.
"Ọwọ́ mi kejì nìyẹn," ó rẹ́rìn-ín.

Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí:
bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní Ìkìrun nìyẹn,
bí mo sì ṣe kọ́ ẹ̀rọ nìyẹn, láìmọ̀.

A jókòó títí iná èbúté fi tàn.
Ní báyìí, tẹ Ṣíìfù, kó o yọwọ́;
ẹ̀rọ á dì í mú fún ọ
títí eku yóò fi dún.

Ó fún mi ní òkúta náà.
Orí tábìlì mi ló wà, kò tẹ nǹkan kan mọ́.
Nígbà mìíràn mo máa ń gbé e,
ọwọ́ òsì nìkan.