Ẹnu Ọ̀nà Wo Ni Kí N Lóṣòó Sí?

Agogo márùn-ún ààbọ̀ ìdájí. Òtútù Òkè Ìmọ̀
ń gba ojú fèrèsé tí kò ní gíláàsì wọlé.
Bírò tí mo fi kọ ìfúnpá Màmá Ọ̀ṣúnkọ̀yà
ni mo fi ń ṣírò owó oṣù mi sí ẹ̀yìn páálí ìbọ̀wọ́.
Owó ilé ní Ìṣọ́kùn. Ọ̀kadà àlọ, ọ̀kadà àbọ̀.
Owó ilé ìwé Bọ́ládalẹ̀. Gáàsì.
Ìbọ̀wọ́ náà fúnra rẹ̀, tí mo fi owó ara mi rà lọ́jọ́ Ẹtì,
torí èyí tí ìjọba fi ránṣẹ́ ti tán láti ọjọ́ kẹsàn-án.
Owó tán kí páálí tó kún.

Bàbá tó bí bàbá mi, òṣómàáló ni.
Ó ru aṣọ dé àwọn abúlé tí kò sí nínú máàpù,
ó tà á láwìn, ó padà lọ gbowó nígbà ìkórè.
Bí onígbèsè bá ní, "Bàbá, ẹ jókòó,"
á ní rárá o, ẹni tó bá jókòó ló ń gbàgbé ohun tó bá wá.
Òṣó ni màá ló títí n ó fi gbowó mi.
Wọ́n ní ó lóṣòó nígbà kan láti ìrọ̀lẹ́ títí àkùkọ fi kọ,
orúnkún rẹ̀ ń dún bí igi gbígbẹ.
Gbèsè náà kò tó ṣílè méje.

Èmi náà lóṣòó lóru àná.
Wákàtí mẹ́ta níwájú aboyún,
iná lọ, mo fi eyín di fóònù mú kí tọ́ọ̀ṣì lè ràn.
Ọmọ jáde, ó ké. Mo dìde, orúnkún mi dún.
Ṣùgbọ́n ta ló jẹ mí? Ẹnu ọ̀nà ta ni?
Mo dé ọ́fíìsì wọn ní Òṣogbo, wọ́n ní fáìlì ń bọ̀.
Fáìlì ọ̀hún ti ń bọ̀ láti ìgbà tí Bọ́ládalẹ̀ wà ní jẹ́léósinmi.
Akọ̀wé fa àga fún mi.
Mo jókòó.

Fẹ̀yíṣayọ̀ tí a jọ kàwé lábẹ́ àtùpà kan
ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀, ìrìn ìṣẹ́jú méjìlá sí ibí.
Ìwé ẹ̀rí kan náà. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń ta sí aṣọ funfun wa.
Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì tèmi.
Mi ò bá a jà. Òun ló ń yá mi lówó;
ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ rí i bí oṣù bá ti ń parí.

Ọmọ́lará, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta, bi mí níbi tí a ti ń ka aṣọ ibùsùn:
"Àǹtí, ṣé kí n dúró sí Ọ̀ṣun, àbí kí n wá páásìpọ́ọ̀tù?"
Mo ní kó ka aṣọ dáadáa.
Méjìdínlógún ni wá ní wọ́ọ̀dù yìí rí. Ó ku àwa mẹ́fà,
Màmá Fágbàmígbé sì ń fẹ̀yìn tì ṣáájú Kérésì.
Àyè wà, bó bá ṣe àyè lò ń wá.
Owó ni kò bá àyè rìn.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o!" ní ṣọ́ọ̀ṣì, nínú ọjà Àtàkúmọ̀sà.
Ọ̀wọ̀ kún ọwọ́ mi dẹ́nu. Owó lọwọ́ ò bà.

Ilẹ̀ mọ́. Bàbá ọmọ dé, wẹ́dà ni, iná ti jó ìka rẹ̀ dúdú.
Ó ka owó sílẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ, ó dín ẹgbẹ̀rún mẹ́ta.
Ó ní ó di Ọjọ́rú. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.
Ó wo ọmọ, ó wò mí, ó ní,
"Nọ́ọ̀sì lèyí máa dà, bíi tiyín."
Ìyá ọmọ ṣe àmín. Ìyá àgbà ṣe àmín.
Wọ́n ń retí tèmi.
Mo lóṣòó kí n fi ṣa ìbọ̀wọ́ tó bọ́ sílẹ̀.
Mi ò tíì dìde.