Ọmọ Ìyá Ni Wọ́n

Atẹ́gùn Hsinchu ń ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ náà ní ìrọ̀lẹ́.
Po-yen to fóònù méjì síwájú ìyá ìyá rẹ̀:
"Sinapidírágọ́nù ló wà nínú eléyìí, Màmá,
eré ni í sá bí ọkọ̀ ojú irin Taipei.
Mídíátẹ̀kì ni tọ̀hún; kò wọ́n, bátìrì rẹ̀ a máa pẹ́."
Ó ka nọ́ńbà, ó ka nọ́ńbà, ẹnu rẹ̀ gbẹ.

Màmá Chin-yeh ò tíì fọhùn.
Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi wọ aṣọ funfun
tó bo irun, tó bo imú, ojú nìkan ló kù síta,
nínú gbọ̀ngàn tí eruku ò gbọdọ̀ wọ̀.
Ó mú fóònù kìíní, ó mú ìkejì,
ó fi wọ́n kan ẹ̀rẹ̀kẹ́
bí ẹni ń wò bóyá ara ọmọ gbóná.

"Ọmọ ìyá ni wọ́n. Orúkọ bàbá ló yàtọ̀.
Ta ló bi ọ́ léèrè eré?
Èwo ni ò ní jó mi létí
bí àbúrò mi bá pè láti Hualien
tó tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó?"

Po-yen tún yẹ ìwé nọ́ńbà rẹ̀ wò.
Kò rí i níbẹ̀.