Oògùn Aláwọ̀ Ewé

Mo ṣílẹ̀kùn ilé oògùn, atẹ́gùn òkun bá mi wọlé
pẹ̀lú òórùn ẹja. Skọ́tílándì, etí omi àríwá,
agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán.
Struan ti dúró síta nínú jákẹ́ẹ̀tì àwọn apẹja,
jákẹ́ẹ̀tì tí ọkọ̀ rẹ̀ ti lọ tipẹ́ láìmú un dání.
Ó ń yán. Imú rẹ̀ ń dà.
Awọ ọrùn rẹ̀ rí bí awọ adìẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tu níyẹ̀ẹ́.

Mo wọn oògùn sínú ife ike kékeré.
Òfin ní kí n máa wò ó bó ti ń gbé e mì,
kí n sì bi í ní nǹkan, kí ó lè la ẹnu,
kí n rí i pé kò fi í pamọ́ sábẹ́ ahọ́n.
"Báwo ni alẹ́ àná?"
"Ó gùn."

A jọ kàwé ni. Òun ló mọ orúkọ gbogbo ẹyẹ òkun.
Ní méjìdínlógún ó ti ń bá ọkọ̀ lọ,
ọ̀sẹ̀ méjì lórí omi, yìnyín lára okùn, àìsùn,
lẹ́yìn náà èbúté, owó nínú àpò, ìlú tó ti tilẹ̀kùn mọ́rí.
Ẹnìkan tan iná sábẹ́ bébà fádákà.
Ó sọ fún mi nígbà kan, kò fi yangàn, kò sì tijú:
"Morven, o mọ bí ìyá mi ṣe máa ń ká aṣọ mi sórí ẹ̀rọ
kí ó lè gbóná kí n tó jí?
Gbogbo ara mi ló wọ aṣọ yẹn."

Ta ni kò ní fẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀? Ẹ má purọ́.

Ṣùgbọ́n aṣọ àyálò ni. Ẹni tó ni ín ń bọ̀ wá gbà á
lójoojúmọ́, ó sì ń bó awọ mọ́ aṣọ.
Kí ọdún tó yí po, adùn ti tán níbẹ̀.
Àwọn ará ìlú rò pé fàájì ló ń lépa.
Ó ń sanwó kí egungun rẹ̀ má pariwo ni,
kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má máa ta ibùsùn nípàá lóru.
Ó ń ra ara rẹ̀ padà, díẹ̀díẹ̀,
lọ́wọ́ ẹni tó jí i gbé.

Una, ìyá rẹ̀, ń fi pọ́ọ̀sì sábẹ́ ìrọ̀rí sùn.
Ó ra oògùn ikọ́, ó ń ka ṣéńjì, ó ní,
bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò:
"Mo máa ń fetí sí èémí rẹ̀ lára ògiri.
Bí mo bá gbọ́ ọ, inú á bí mi.
Bí n kò bá gbọ́ ọ, mà á dìde."

Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.
Ó dáa. Ta ló ń na ọwọ́ sí ẹni tó wà nínú kòtò?

Oṣù kìíní, ó jáde lẹ́wọ̀n. Oṣù mẹ́rin láìfọwọ́ kàn án.
Ara ti gbàgbé ìwọ̀n, ọkàn kò gbàgbé,
àárín àwọn méjèèjì sì ni ikú ń gbé.
Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ èbúté ni mo ti bá a. Ètè rẹ̀ ti rẹ aró.
Mo gún abẹ́rẹ́ ìjí sí itan rẹ̀ láti orí ṣòkòtò,
mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, mo ń kà, mo ṣì í kà, mo tún kà.
Ó jí. Ó bú mi. Ó ní mo ja òun lólè.
Ó bì sórí bàtà mi, èmi sì ń rẹ́rìn-ín bí wèrè.

Lónìí ó gbé oògùn mì. "Báwo ni alẹ́ àná?"
Ó wo ojú fèrèsé.
"Ẹyẹ kan bà sórí òrùlé wa. Ẹsẹ̀ pupa, orí dúdú.
Orúkọ rẹ̀ ti bọ́ lórí mi."
Kò lọ. A jọ ń wá orúkọ náà,
bí àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ti ń wúkọ́ ìbínú.