Ojú Mẹ́tàlélógún

Ìgbà òtútù mẹ́ta ni súwẹ́tà náà fi sùn nínú àpótí
láìní ọrùn.
Ara rẹ̀ pé, apá rẹ̀ méjèèjì pé,
búlúù àti funfun, ó wúwo bí àgùntàn tó jẹ yó,
ṣùgbọ́n níbi tó yẹ kí orí gbà jáde
ihò lásán ni, etí rẹ̀ ń ká
bí ewé tí oòrùn pa.

Leida ló hun ún, ìyá ọkọ mi,
kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú.
Dókítà ní Pärnu ní gíláàsì ò lè ṣe nǹkan kan sí i mọ́.
Ó wọkọ̀ padà sí erékùṣù Kihnu, ó jókòó ti ààrò,
ó ní: "Ojú tèmi ti tán.
Wá ṣa ojú fún mi."

Èmi tí mo wá láti òdìkejì omi,
ọmọ ìlú tí ń ra ibọ̀sẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù!
Ó kó abẹ́rẹ́ márùn-ún lé mi lọ́wọ́,
ọ̀kọ̀ọ̀kan mú lórí, ó mú nídìí,
wọ́n tutù bí eegun ẹja.

"Má ki abẹ́rẹ́ bọ ihò tó o bá kọ́kọ́ rí.
Ihò tó ya ẹnu sílẹ̀, irọ́ ló ń pa.
Gba abẹ́ okùn méjèèjì kọjá,
kí o fa òwú tuntun jáde pẹ̀lẹ́,
bí ẹni ń fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ tó ń bínú.
Ṣa mẹ́ta, fo ọ̀kan. Ṣa mẹ́ta, fo ọ̀kan.
Bó bá pọ̀ jù, ọrùn á fẹ̀ lẹ̀lẹ̀ bí ẹnu àpò tó gbó.
Bó bá kù díẹ̀ káàtó,
á fún ọmọ mi lọ́rùn."

Mo ní ẹ ṣeun, mà.

Níta, yìnyín ti ń bo etíkun.
Elvi kọjá lórí alùpùpù rẹ̀ tó ní ọkọ̀ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́,
yẹ̀rì onílà pupa rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́,
àpò ọ̀dùnkún méjì àti ajá kan ló gbé.
Ọkọ rẹ̀ àti ọkọ mi wà nínú ọkọ̀ kan náà,
a ò tíì gbúròó wọn láti ọjọ́ Ajé.

Iwájú ọrùn kò le. Ojú mọ́kànlá wà níbẹ̀
tí Leida ti fi okùn so pọ̀, wọ́n ń dúró dè mí.
Ẹ̀gbẹ́ ni ìyọnu wà, àti igun:
ní igun, ihò kan yọ tí àtàǹpàkò lè gbà.
Mo ṣa ojú kan lé e, mo hun ún mọ́ èkejì rẹ̀,
ó pa dé.
Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti tú u kó tó gbà bẹ́ẹ̀.

Mo bá ìpẹ́ ẹja kan láàárín ojú kẹsàn-án.
Mo bi í léèrè.
Ó ní, àbí kí ni mo rò pé ọwọ́ òun ń ṣe lọ́jọ́ náà?

Nígbà tó yá, ó na ọwọ́, mo gbé e fún un.
Ó fi èékánná tọ etí ọrùn lọ, ètè rẹ̀ ń mì.
Apá ọ̀tún: mẹ́tàlélógún.
Apá òsì…
Ìka rẹ̀ dúró. Ó padà. Ó tún un kà.
Méjìlélógún.
Mo ti mú òwú láti tú u nígbà kẹta,
ló bá di ọrùn ọwọ́ mi mú.
"Fi í sílẹ̀. Ọrùn Joosep wọ́ sápá òsì láti kékeré.
Èmi tí mo bí i ló mọ̀."

Ọjọ́ kejì, ọkọ̀ dé.
Ó bọ́ aṣọ òjò, ó ki orí bọ súwẹ́tà náà,
etí rẹ̀ há díẹ̀, ó jáde, ó rẹ́rìn-ín.
Mo wò ó níwájú.
Mo yí i po, mo wò ó lẹ́yìn.
Ọrùn rẹ̀ dúró gbọnrangandan bí òpó ọkọ̀.

Leida ò yíjú.
Ó ń da kọfí sínú kọ́ọ̀bù mẹ́ta,
ẹ̀kán kan ò ta sílẹ̀.