Gbàǹja Olójú Méjì

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó sídìí tábìlì yẹn
ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ìgbéyàwó, ní Ṣágámù.
Yíǹkì gba ìka mi débi pé ìyàwó mi kì í jẹ́ kí a jọ bu ọbẹ̀ nínú àwo kan.
Ìwé ńlá, ojú ìlà méjì: Ọkọ níhìn-ín, Ìyàwó lọ́hùn-ún.
Mo kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ràn ara wọn,
mo kọ ti àwọn tó bá ìjà wọlé láti ẹnu ọ̀nà,
mo kọ ti bàbá arúgbó kan tó gbàgbé orúkọ ọmọge tó mú wá.
Ìjọba kò bi wọ́n léèrè ìfẹ́.
Wọ́n san owó, mo lu òǹtẹ̀.

Ẹ mọ Efúnbọ̀wálé àti Moróunfólú.
Ẹ̀yin ará Mákùn, ẹ má díbọ́n.
Àwọn ló ń kó gbàǹja lọ sí Sábó,
ọ̀kan ń bó obì, èkejì ń fi ewé tẹ́ inú agbọ̀n;
bí ọ̀kan bá fẹ́ sín, èkejì á ti kí i ní pẹ̀lẹ́ sílẹ̀.
Ilé kan, ààrò kan, kọ́kọ́rọ́ kan lábẹ́ ìkòkò omi.
Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò là ń pè wọ́n,
torí ahọ́n wa kọ̀, kò gbé ohun tí ojú wa rí.

Ọjọ́ kan, Efúnbọ̀wálé dúró títí èrò fi tán níwájú mi.
"Ṣówẹ̀mímọ́, tiwa dà nínú ìwé yìí?"
Mo rẹ́rìn-ín bí ẹni tí eegun ẹja há lọ́fun.
Mo ní kò sí ìlà rẹ̀.
N kò sọ pé ohun tó wà ńbẹ̀ fún wọn ni ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá.
Ó mọ̀.
Ó gbé obì mẹ́ta sórí tábìlì, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru gbé Moróunfólú ṣánlẹ̀,
nọ́ọ̀sì mú fọ́ọ̀mù jáde:
"Màmá, kí lẹ jẹ́ sí aláìsàn?"
Ọdún mọ́kàndínlógójì kún ẹnu obìnrin yẹn, kò rọ́nà jáde.
"Aládùúgbò ni mí."
Wọ́n ní kí aládùúgbò dúró níta.
Ìta náà ló wà nígbà tí wọ́n fi aṣọ bo ojú.
Kò pé ọjọ́ mẹ́jọ, àbúrò olóògbé dé láti Òdògbólú,
ẹni tí a kò rí rí, àní nígbà àìsàn,
tòun ti àgádágodo tuntun, bébà ọjà ṣì lẹ̀ mọ́ ọn.

Ojú méjì péré ni gbàǹja ní.
Àwọn tó ń bọ nǹkan ní kò tó, àbàtà ni tiwọn.
Síbẹ̀ gbàǹja ló fi páànù bo ilé Rẹ́mọ,
ló rán wa níléèwé;
ta ló wí rí pé kì í ṣe obì?

Ẹ̀yin ìjọba, n kò ní kẹ́ ẹ wá jó.
N kò ní kẹ́ ẹ fẹ́ràn wọn;
ẹ kò fẹ́ràn èmi náà, owó ìfẹ̀yìntì mi ni ẹlẹ́rìí.
Ẹ ṣáà mú rúlà.
Ẹ fa ìlà kan sí i.
Èmi tí kálámù wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀rù ni mo fi tì í.

Lánàá, mo lọ kí Efúnbọ̀wálé
nínú yàrá tó háyà ní Sọ́nyìndó.
Ó là obì, ó fún mi ní ojú kan.
Èkejì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.
Kò jẹ ẹ́.